Itan Àgbò Tí Mo Gbé Lọ Fún Ìyá Ìyálé Mi

Láti ìgbà tí èmi àti ọkọ mi ti fẹ́ra, tí ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti wá ń gbé lọ́dọ̀ wa ní Ìsẹ́yìn, ọmọ náà kò pè mí ní ohunkóhun. Kì í ṣe pé ó ń rí mi fín. Ọmọ tí ìyá bàbá rẹ̀ tọ́ ni, ó mọ̀ ọ́n kúnlẹ̀, ó mọ ènìyàn kí. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, á wá síwájú mi, á kúnlẹ̀, á ní, "Ẹ káàárọ̀ mà." Mà yẹn ni mo ń gbà lẹ́nu rẹ̀, bí olùkọ́ ṣe ń gbà á lẹ́nu ọmọ ilé ìwé. Bí mo bá wà nínú yàrá tó sì fẹ́ bi mí ní nǹkan, kò ní pè mí láti ìta. Á rìn dé ẹnu ọ̀nà, á dúró síbẹ̀, á máa wò mí títí n ó fi gbójú sókè. Aránṣọ ni mí. Nígbà mìíràn ariwo ẹ̀rọ kì í jẹ́ kí n mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, á sì dúró títí ẹsẹ̀ á fi ro ó.

Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ló ṣì wà nígbà tí ìyá rẹ̀ kú.

Èmi náà mú ọmọ kan wá sínú ilé yẹn, obìnrin ni, kò tíì pé ọdún mẹ́fà. Bàbá rẹ̀ wà láyé, ṣùgbọ́n a ti túká kí ọmọ náà tó mọ̀ ọ́n rìn, ọkùnrin náà sì ti ní ilé mìíràn. Ní ti ọmọ tèmi yìí, ìpè kò ṣòro fún un rárá. Kò pẹ́ tí a kó débẹ̀ tó fi ń pe ọkọ mi ní Dádì, tó ń ní kó gbé òun kọ́ ọrùn. Ọmọ ọkọ mi ló ń pè ní Àǹtí Mi, ibi tí Àǹtí Mi bá sì lọ lòun náà ń lọ. Èmi nìkan ló kù tí ẹnì kan nínú ilé kò mọ ohun tí yóò pè.

Ọkọ mi ti sọ fún un lẹ́ẹ̀kan pé kó máa pè mí ní Mọ́mì. Ó ní, "Ó dáa, Dádì." Kò sì pè mí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọkọ mi tún fẹ́ dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í sílẹ̀.

"Irú nǹkan yẹn kì í ṣe ohun tí à ń fi agbára gbà lẹ́nu ọmọ," mo wí fún un.

Iléyá ọdún náà bọ́ sí ọjọ́ Jímọ̀, ìjọba sì fi ọjọ́ Mọ́ńdè kún ìsinmi. Ọkọ mi ní ká lọ ṣe é ní Ṣakí, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò jọ ṣọdún. Inú mi dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, nítorí pé ọmọ Ṣakí ni ìyálé mi. Bí mo ṣe ń pè é lọ́kàn mi nìyẹn, ìyálé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi àti rẹ̀ kò fojú kanra rí. Ìyá rẹ̀ ṣì wà láyé, ilé wọn kò sì jìnnà púpọ̀ sí ilé ọkọ mi.

Ọjọ́bọ̀ la gbéra. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa, àgbàdo ti ga dé orúnkún lẹ́bàá ọ̀nà. Ní Ọ̀tu, ọkọ mi dúró, ó ra wàrà díndín lọ́wọ́ àwọn obìnrin Fúlàní. Ọmọ mi jẹ ẹ́ títí òróró fi yí i lẹ́nu. Mo gbójú wo dígí tó wà níwájú ọkọ̀, mo rí i tí ọmọ ọkọ mi fa etí híjáàbù rẹ̀, tó fi nù ún lẹ́nu, tó tún nù ún lọ́wọ́. Híjáàbù tuntun tó fẹ́ fi ṣọdún ni o. Mo kọjú sí ọ̀nà padà.

Ìyá ọkọ mi ti jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ń retí wa. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀, ọmọ tèmi ló kọ́kọ́ gbé.

"Ṣé ìwọ ni wọ́n ní ò ń sọ̀rọ̀ bí ẹyẹ ẹ̀gà?"

"Ẹyẹ ẹ̀gà ní ìyẹ́," ọmọ náà dáhùn. "Èmi ò ní ìyẹ́."

Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Bí ọkàn mi ṣe rọ̀ díẹ̀ nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a lọ kírun ní Yídì, ẹrẹ̀ ta sí gbogbo etí aṣọ funfun tí mo fi ọ̀sẹ̀ kan rán. Nígbà tí a padà délé, àwọn ọkùnrin pa àgbò, wọ́n sì ń sun irun rẹ̀ lórí iná lẹ́yìnkùlé, èéfín bo gbogbo agbo ilé. Mo ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ nígbà tí ìyá ọkọ mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyàwó mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí n ò fẹ́ kó o gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì."

"Mò ń gbọ́ yín, Màmá."

"Ọdọọdún tí a bá ti pa ẹran, ọkọ rẹ a máa gbé itan kan lọ fún ìyá ìyàwó rẹ̀. Ọmọ yẹn kú, kò torí ẹ̀ dá a dúró. Èmi náà ò sì ní kó dá a dúró, torí pé oore nìkan ni obìnrin yẹn fi ń bá wa lò. Àmọ́ lọ́dún yìí, ìwọ ti wà ńbẹ̀. Ìwọ náà ní ìyá. N ò fẹ́ kó o wò ó pé a mú ohun tó jẹ́ tìẹ, a fi tọrẹ."

Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ tó rọrùn fún un láti sọ. Àgbà ni, ilé rẹ̀ ni, ọmọ rẹ̀ ló ra àgbò. Kò pọn dandan kó bi mí.

"Màmá, itan ẹ̀yìn méjì ni àgbò ní," mo wí. "Ẹ jẹ́ ká yan ọ̀kan lórí iná kó gbẹ, n ó gbé e fún ìyá mi tí a bá padà dé Ìsẹ́yìn. Kí ọ̀kan tó kù lọ síbi tó ti ń lọ."

Ó wò mí. "Ọlọ́run á fún ọ lálùbáríkà," ó wí. Lẹ́yìn náà ó ní, "N ó ní kí ọkọ rẹ gbé e lọ nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kí èmi gbé e lọ."

Mi ò tíì rò ó kó tó jáde lẹ́nu mi. Ọkọ mi, tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ nídìí kànga, gbọ́ ọ. Ó wá bá wa, omi ń kán lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kò di dandan kó o lọ," ó wí fún mi jẹ́jẹ́. "Mo lè gbé e lọ bí mo ṣe máa ń ṣe."

"Mo mọ̀. Àmọ́ bí n kò bá lọ lọ́dún yìí, ojú á túbọ̀ máa tì mí lọ́dún tó ń bọ̀ ni. A ó kàn máa pàdé lọ́nà, a ó máa sá fúnra wa."

Ọmọ ọkọ mi dúró sí ẹ̀gbẹ́ ààrò pẹ̀lú abọ́ ata lọ́wọ́. Bàbá rẹ̀ ló kọjú sí tó fi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Mo mọ ọ̀nà, Dádì. N ó mú wọn lọ."

Ìrọ̀lẹ́ la lọ. Mo ti ní kí ọmọ tèmi dúró ti ìyá ọkọ mi, ó sunkún, ó sì tẹ̀ lé wa. Ọlọ́kadà gbé wa dé ìsàlẹ̀ òkè, ó ní òun kò lè gòkè mọ́ nítorí pé àgbàrá ti gbẹ́ ọ̀nà. Ibẹ̀ la ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ rìn. Orí àpáta ni ọ̀nà náà gbà kọjá, ó ń yọ̀ nítorí òjò àná. Abọ́ ẹran wà lórí mi, bàtà tí mo wọ̀ kò sì bá ọ̀nà mu. A rìn díẹ̀, ọmọ ọkọ mi dúró.

"Ẹ gbé e fún mi mà. Ẹ ò mọ ibi tó ń yọ̀."

Mo gbé e fún un. Ó gbé e rù, ó fi ọwọ́ kan di abọ́ mú, ó fi ọwọ́ kejì di àbúrò rẹ̀ mú, mo sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ibi tó bá tẹ̀ ni mò ń tẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bi mí láìwẹ̀yìn, "Ṣé ẹ̀rù ń bà yín?"

"Ó ń bà mí."

"Ìyá Òkè kì í bá ènìyàn jà." Bó ṣe ń pe ìyá ìyá rẹ̀ nìyẹn, nítorí òkè tí wọ́n ń gbé. Ó tún gbẹ́sẹ̀ bíi mélòó kan. "Wọ́n máa ń sunkún nígbà ọdún ni. Tí wọ́n bá sunkún, kì í ṣe tìtorí yín."

Mo ní ó ṣeun.

A bá ìyá náà lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fa tẹ̀sùbáà. Obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ojú rẹ̀ jọ ti ọmọ ọkọ mi tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi wo àwọn méjèèjì. Ọmọ náà sọ abọ́ kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ìyá náà sì fà á mọ́ra. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè wò mí.

"Ta lo mú wá o?"

Ọmọ náà la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo ilẹ̀. Mo rí i pé ó ń wá ọ̀rọ̀ náà, kò sì rí i. Èmi náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú ọdún, Màmá. Ẹ kú ìyèdún. Èmi ni ìyàwó tí wọ́n fẹ́ tẹ̀ lé ọmọ yín. Ìyálé mi ni wọ́n. Itan ẹran ọdún la gbé wá fún yín."

Ó gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀, ó fi etí ìborí rẹ̀ bo ojú, èjìká rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Mi ò dìde. Orúnkún ń dùn mí lórí sìmẹ́ńtì, mi ò sì mọ̀ bóyá kí n máa bẹ̀ ẹ́ ni tàbí kí n dákẹ́. Ọmọ ọkọ mi fọwọ́ kàn mí ní apá, fẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni tó ń rán mi létí ohun tó ti sọ fún mi lọ́nà.

Ọmọ tèmi kò mọ ohun tó ń lọ. Ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá náà, ó ní, "Ìyá, ẹ kú ọdún. Ẹran yẹn wúwo gan-an."

Ìyá náà sọ ìborí kalẹ̀. Omijé wà lójú rẹ̀, ẹ̀rín sì ti ń bọ̀. "Ṣé ìwọ lo gbé e ni?"

"Àǹtí Mi ló gbé e. Àmọ́ mo dì wọ́n mú kí wọ́n má baà ṣubú."

"Ta ló ni èyí?" ìyá náà bi ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Àbúrò mi ni," ó wí.

Wàràwàrà ló sọ ọ́, kò rò ó rárá. Mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ìyá náà ní kí n dìde, kí n jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ṣàdúrà tó gùn fún ọkọ mi àti fún àwọn ọmọ, ó wá dárúkọ ọmọ rẹ̀, ó ní kí Ọlọ́run fi Àlùjánńà ṣe ilé rẹ̀. Gbogbo wa ṣe àmín. Àwòrán ìyálé mi wà lára ògiri lókè orí wa. Ó wọ ìró àti bùbá àǹkárá búlúù, ó ń rẹ́rìn-ín sí ẹni tó ya àwòrán náà.

Lẹ́yìn àdúrà, ìyá náà yíjú sí ọmọ ọmọ rẹ̀.

"Bí èyí bá jẹ́ àbúrò rẹ, kí lò ń pe ìyá rẹ̀?"

Ọmọ náà ń fi ìka ha ẹní. "Mo máa ń kí wọn."

"Mo mọ̀ pé o máa ń kí wọn. Mo ní kí lò ń pè wọ́n?" Ìyá náà rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Gbọ́ mi. Ibi tí ìyá rẹ wà lọ́kàn rẹ, kò sẹ́ni tó lè jókòó síbẹ̀. Àmọ́ a kì í bá ènìyàn gbélé ká máa pè é ní mà, bí ẹni tó kàn wá ra epo. Mi ò ní kó o dáhùn nísinsìnyí. Lọ rò ó."

Mo fẹ́ ní kó fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá náà ti dìde, ó ti wọlé. Nígbà tó jáde, ó mú àpò ọ̀rá kan dání. Àǹkárá búlúù tó wà nínú àwòrán náà ló wà nínú rẹ̀, ó ti ká a dáadáa, ó sì ń rùn káfúrà.

"Ọkọ rẹ sọ fún mi pé aránṣọ ni ọ́. Mo ti fi èyí pa mọ́ tipẹ́, ẹ̀rù ikán ló ń bà mí. Gé e fún ọmọ rẹ."

Mo wo ọmọ ọkọ mi. Òun náà ń wò mí, ó sì mi orí pé kí n gbà á.

Ọjọ́ Sátidé, àlejò kò jẹ́ ká rí ààyè. Ọjọ́ Sọ́ńdè ni ìyá ọkọ mi bá mi yá ẹ̀rọ ìránṣọ alọ́wọ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò kan, a gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo sì pe ọmọ náà kí n wọ̀n ọ́n. Mi ò tíì fọwọ́ kàn án rí ju kí n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fi téèpù yí i láyà ká, ó dúró gan-an bí òpó, kò mí.

"Mí," mo wí fún un. "Bí o ò bá mí, aṣọ náà á fún ọ ní àyà."

Ó mí kanlẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. Mo wọn èjìká rẹ̀, mo wọn apá rẹ̀. Egungun èjìká rẹ̀ rí ṣóńṣó lábẹ́ ọwọ́ mi. Ó ti ga ju bí mo ṣe rò lọ, díẹ̀ ló kù kó bá mi léjìká.

Mo tẹ́ bùbá náà sílẹ̀, mo mú sísọ́ọ̀sì, mi ò sì lè gé e. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ránṣọ, mi ò rántí aṣọ tí mo wò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó nawọ́ sí abẹ́ apá aṣọ náà, níbi tí ó ti ya nígbà kan tí wọ́n sì fi òwú funfun rán an. Ìránkúrán ni, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi rán an.

"Màámi ló rán ibẹ̀ yẹn," ó wí. "Wọn ò rí òwú búlúù. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó máa wo abẹ́ apá àwọn."

"A ò ní tú u," mo wí. "Abẹ́ apá ló máa wà nínú tìrẹ náà."

"Ẹ máa gé e nígbà náà."

Mo gé e. Òun ló ń yí ọwọ́ ẹ̀rọ, mo sì ń darí aṣọ. Ó ń sọ̀rọ̀ nígbà tó ń yí i, ó ń sọ bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń kọrin tó bá ń fọ aṣọ, bí kò ṣe lè jẹ ilá. Mò ń dáhùn díẹ̀díẹ̀, kí n má baà dá a lẹ́nu dúró. Ọmọ kékeré náà fi igbe ta pé àfi kí wọ́n rán tòun náà. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní kí n fi èyí tó kù ṣe gèlè fún un.

Ó dìde lọ wo ìkòkò nínú ilé ìdáná. Èmi ń rán etí aṣọ náà lọ́wọ́. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pe "Màmá Àbúrò," mi ò sì dáhùn, mo rò pé aládùúgbò kan ni wọ́n ń pè. Ó tún pè.

"Màmá Àbúrò! Ẹran orí iná ti ń jó o!"

Ìyá ọkọ mi tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan gbójú wò mí. "Ìwọ ni wọ́n ń pè," ó wí.

Mo dìde. Mo sáré wọ ilé ìdáná, a jọ gbé ẹran náà kúrò lórí iná, itan tí a yà sọ́tọ̀ fún ìyá mi, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ti dúdú bí èédú. Ọmọ náà ní ẹ jọ̀ọ́, òun gbàgbé rẹ̀ sórí iná. Mo ní kò sí nǹkan kan, a ó fi ọ̀bẹ ha á. A ha á.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, kí a tó kúrò ní Ṣakí, gbogbo wa gòkè lọ kí Ìyá Òkè. Ọmọ náà wọ aṣọ rẹ̀. Ìyá náà ní kó yí padà, ó yí padà. Ó ní kó rìn lọ kó rìn bọ̀. Ó wò ó pẹ́, ó fọwọ́ fa etí apá aṣọ náà.

"Apá yìí gùn díẹ̀," ó wí fún mi.

"Mo fi í sílẹ̀ ni, Màmá. Ó ṣì ń dàgbà. Bí ó bá yá, n ó tún tú u sílẹ̀ sí i."

"Ṣé wàá máa tú u sílẹ̀?"

"N ó máa tú u sílẹ̀."

Ó mi orí pé ó dáa, ó wọlé, ó sì gbé gàárì Ìgànná wá fún wa nínú àpò kékeré kan.

Òjò bẹ̀rẹ̀ kí a tó dé Ọ̀tu. Ọkọ mi dẹ ìrìn ọkọ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn, ọmọ kékeré ti sùn, ó gbé orí lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nítan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ náà sì fi orí ti dígí, ó ń tòògbé.

"Ìyá mi ní o ti ní orúkọ," ọkọ mi wí, ohùn rẹ̀ kò ròkè.

"Mo ti ní."

Ó nawọ́ di ọwọ́ mi mú, ó tún yára fi í sílẹ̀ nítorí kòtò kan tó wà níwájú. A kọjá rẹ̀ jẹ́jẹ́, kí àwọn ọmọ má baà jí.